Ta Ló Ni Omi Tí Oòrùn Sè?

Mẹ́rúwà ló ń pọnmi fún wa ní Lugbe, kẹ́ẹ̀gì rẹpẹtẹ lórí ọmọlanke. Mi ò bá a dúnàádúrà rí. Owó ẹsẹ̀ ni mo ń san fún un, kì í ṣe owó omi.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, Ayétòrò létí òkun ni wọ́n bí mi sí. Omi yí wa ká, a ò sì rí i mu. Iyọ̀ tó wà nínú lítà omi òkun kan tó gíráàmù 35. Ẹni tó bá mu ún, omi tí kíndìnrín rẹ̀ máa fi lé iyọ̀ náà jáde ju èyí tó mu lọ, òùngbẹ á wá le sí i. Òjò là ń gbé ìkòkò dè.

Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, mo po iyọ̀ mọ́ lítà omi mẹ́ta títí ó fi rí bí omi òkun wa. Mo kun abọ́ páànù pẹrẹsẹ kan ní dúdú, mo dà á sí i, mo fi gíláàsì fèrèsé bò ó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo gbé e sínú oòrùn. Kò pẹ́ tí gíláàsì fi ń làágùn. Nírọ̀lẹ́, lítà kan lé díẹ̀ ti kán sínú ìgò. Ọmọ mi tọ́ ọ wò: “Mọ́mì, kò níyọ̀ rárá!”

Ara mi bù máṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ṣe ń fa omi òkun sókè, tí iyọ̀ ń ṣẹ́kù sílẹ̀, tí omi náà ń padà wá bí òjò. Òjò tí ìyá mi ń pè ní àánú Olúwa, inú òkun iwájú ilé wa lara rẹ̀ ti wá.

Aládùúgbò mi kan wá béèrè pé, “Àǹtí, èló lẹ máa tà á?”

Mi ò lè dá a lóhùn. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ rí: ní 1872, ní Las Salinas, nínú aṣálẹ̀ Chile, Charles Wilson to gíláàsì tó ju 4,000 mítà onígun mẹ́rin lọ sórí omi iyọ̀, omi tó ń rí lóòjọ́ sì ju 20,000 lítà lọ. Gíláàsì ní owó tirẹ̀, òṣìṣẹ́ ní owó tirẹ̀, ó yẹ kí a san án. Ṣùgbọ́n bí owó gíláàsì bá ti pé, tí oòrùn ò dẹ́kun iṣẹ́, ta ló ń gba owó iṣẹ́ oòrùn?

Àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì tó tẹ Ayétòrò dó ní 1947 kò fi ohun ìní ya ara wọn sọ́tọ̀. Ohun tí apẹja bá pa, ti gbogbo ìlú ni. Ètò yẹn kò pẹ́ títí, mo mọ̀, àmọ́ ti omi yìí, òun ni mo gbà pé ó tọ́.

Mo bu ààbọ̀ omi inú ìgò náà fún aládùúgbò mi. Bí mo bá gbé irú abọ́ yìí dé Ayétòrò, tí òkun tó ń jẹ ilẹ̀ wa bá ṣì fi àgbàlá ìjọ sílẹ̀ fún wa, ibẹ̀ ni n ó tò ó sí, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni.