Ta Ni Ó Lè Ka Ọkàn Ọmọ Nínú Àwòrán?

  

Orí bébà ọmọ kékeré kan ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a pé jọ fún àsàlátù ní Obbo-Ayégúnlẹ̀, arábìnrin wa kan tí ó jẹ́ tíṣà fi bébà náà hàn wá. Ọmọ ọdún méje kan ni wọ́n ní kí ó ya ènìyàn. Ènìyàn tí ó yà ní orí ńlá, ó ní ara, ó sì ní ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ojú, kò ní ẹnu, kò sì ní ọwọ́. Ẹnì kan tí ó ti lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ díẹ̀ lórí ìtọ́jú ọmọ wo bébà náà, ó sì dájọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ní ọmọ tí kò bá ya ọwọ́, wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́ nílé ni. Èyí tí kò bá ya ẹnu, àṣírí kan wà tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ sọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti kan bàbá ọmọ náà. Àwọn ìyá kan ti ń fa ọmọ tiwọn sẹ́yìn kí ó má bàa bá a ṣeré mọ́.

Arábìnrin wa kò bá ẹnikẹ́ni pariwo. Ó pe ọmọ náà, ó jókòó tì í, ó bi í pé kí ló dé tí ènìyàn yìí kò fi ní ojú àti ẹnu. Ọmọ náà ní Áfà àwọn ní ilé kéú ti sọ pé kí àwọn má ṣe máa ya ojú ohun ẹlẹ́mìí. Ọwọ́ ńkọ́? Ó ní aago ti lù, wọ́n ti ń gba bébà. Ẹ gbọ́ ná! Díẹ̀ ló kù kí aago ilé ìwé sọ baálé ilé kan di ọ̀daràn láàrin ìlú.

Ìbéèrè wa nìyí: bí a bá rí àmì kan lára ẹlòmíràn, nígbà wo ni ó tó láti béèrè, nígbà wo ni ó sì tó láti dájọ́? Kí a má ṣe rò pé ìbéèrè ọmọdé ni. Orúkọ ènìyàn, ilé ènìyàn àti ọjọ́ iwájú ọmọ ni ó wà lórí rẹ̀.

Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ yẹn kò ṣàdéédé hù ú sọ. Ìmọ̀ kan wà tí ó ti ibẹ̀ wá. Ní 1926, Florence Goodenough ní Amẹ́ríkà gbé ìwé jáde tí ó fi hàn bí a ṣe lè fi àwòrán ènìyàn díwọ̀n òye ọmọdé. Kí ọmọ ya ènìyàn, kí a ka àwọn ẹ̀yà ara tí ó rántí, kí a sì fún un ní máàkì. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí bí ọmọ ti ń dàgbà ni àwòrán rẹ̀ ń kún sí i. Ṣùgbọ́n ní 1949, Karen Machover tẹ̀ síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ẹni tí ń ya ènìyàn, ara rẹ̀ ni ó ń yà, àti pé a lè ka ìwà àti ìbẹ̀rù rẹ̀ láti ara bí ó ti ya orí, ojú àti ọwọ́. Láti ibẹ̀ ni irú ẹ̀kọ́ yìí ti tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ọpọlọ àti àwọn olùkọ́ ní ibi púpọ̀, títí kan Nàìjíríà.

Ẹ wá jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n yìí wọn iṣẹ́ àwọn baba wa. Kò jìnnà sí wa ní Ọ̀sì ni Areogun, gbajúgbajà agbẹ́gilére, ti ṣiṣẹ́ kí ó tó kú ní 1954. Ní Odò-Ọwá náà ni Bámigbóyè ti ṣiṣẹ́, ẹni tí ó kú ní 1975, tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà sì ṣe àfihàn ńlá fún iṣẹ́ rẹ̀ ní 2022. Ẹ wo ère wọn: orí tóbi ju bí ó ti yẹ kí ó rí lára ènìyàn lọ, ojú sì yọ bọ̀ǹbọ̀. A kò sọ èyí láti gbé ère ga. Ibi tí Islam dúró lórí ère kò ṣókùnkùn sí wa. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó bá ka ère wọ̀nyí bí wọ́n ti ń ka àwòrán yóò sọ pé agbéraga ni agbẹ́gi tí ó gbẹ́ orí ńlá, àti pé ẹni tí ń fura sí gbogbo ayé ni ó gbẹ́ ojú ńlá. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ọkàn agbẹ́gi ni ó wà níbẹ̀. Ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ ni, àti ohun tí ìran rẹ̀ gbà pé orí jẹ́. Bí àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ bá ń ya ohun tí wọ́n kọ́ ọ, mélòó mélòó ni ọmọ ilé kéú?

Àwọn onímọ̀ náà ti rí èyí. Goodenough fúnra rẹ̀ àti Dale Harris kọ̀wé ní 1950 pé asán ni wíwá ìdánwò tí àṣà kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀, àti pé bí ìdánwò kò tilẹ̀ lo ọ̀rọ̀ ẹnu, ìyẹn kò sọ ọ́ di ohun tí ó bá gbogbo ènìyàn mu. Nílé wa níbí, C. G. M. Bakare ti Yunifásítì Ìbàdàn gbé ìwádìí jáde ní 1972 lórí bí ipò ìdílé ṣe ń mú ìyàtọ̀ wá nínú máàkì tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń gbà nínú ìdánwò yíya ènìyàn yìí. Ọmọ tí pẹ́ńsùlù àti ìwé alákàwé kún ilé wọn, àti ọmọ tí ó kọ́kọ́ di pẹ́ńsùlù mú ní kíláàsì kìn-ín-ní, ǹjẹ́ a lè fi bébà kan ṣoṣo dá ẹjọ́ àwọn méjèèjì?

Èyí tí ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù jù ni ìwádìí tí Loren Chapman àti Jean Chapman ṣe ní 1967. Wọ́n kó àwòrán fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà, wọ́n sì kọ àìsàn kan tàbí ìwà kan sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pín in ni, tí àwòrán àti ìwà kò fi bá ara wọn tan rárá. Síbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní àwọn rí i gbangba pé àwọn tí ń fura ni ó ń ya ojú lọ́nà àrà. Ohun kan náà ni àwọn ògbóǹtarìgì inú iṣẹ́ náà ń sọ pé àwọn ń rí. Ohun tí wọ́n gbé wá nínú orí wọn ni wọ́n rí lórí bébà. Nítorí náà, nígbà mìíràn, ọkàn ẹni tí ń ka àwòrán ni àwòrán ń fi hàn, kì í ṣe ti ẹni tí ó yà á.

Ẹ̀sìn wa ti kìlọ̀ fún wa nípa àrùn yìí. Súratul-Hujuraat, àyà 12, pa á láṣẹ fún wa pé kí a jìnnà sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àbá dídá, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni apá kan nínú rẹ̀. A sì mọ ìtàn Usama ọmọ Zayd. Lójú ogun, ó pa ọkùnrin kan tí ó ti sọ gbólóhùn ìgbàgbọ́, nítorí ó rò pé ìbẹ̀rù ni ó mú un sọ ọ́. Nígbà tí Ànábì (SAW) gbọ́, ó bi í bóyá ó ti la ọkàn ọkùnrin náà wò kí ó tó mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Àmì kò ṣàì wà lọ́wọ́ Usama: ogun ni, idà sì ti dé ọrùn. Síbẹ̀, àmì yẹn kò tó láti fi dájọ́ ohun tí ó wà nínú ọkàn.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Onígbàgbọ́ ní ojú inú, ṣé kí a pa á tì ni?" A kò sọ bẹ́ẹ̀. Ojú inú lè jí wa láti ṣe ìwádìí, ṣùgbọ́n ohun tí ó hàn àti ẹ̀rí ni Àlùkáádì fi ń dájọ́. Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Bí ìyà bá ń jẹ ọmọ náà lóòótọ́ ńkọ́? Bí a bá dákẹ́, ṣé a kò dá a lóró ni?" Ìbéèrè gidi nìyí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú kékeré wò ó. Àwọn ọmọ wà tí wọ́n ń fìyà jẹ nínú ilé, nínú ilé Mùsùlùmí pàápàá, àwọn mìíràn kò sì lè fi ẹnu sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: arábìnrin wa kò dákẹ́. Ó béèrè. Ká ní ìdáhùn ọmọ náà mú ẹ̀rù dání ni, tàbí kí ó ní àpá lára, ojúṣe rẹ̀ ni láti gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó yẹ, kódà bí bàbá náà bá jẹ́ Ìmáámù. Ẹni tí ó fi àwòrán dájọ́ kò béèrè lọ́wọ́ ọmọ, ẹni tí ó ju àwòrán sẹ́gbẹ̀ẹ́ náà kò béèrè. Ẹ̀ṣẹ̀ àwọn méjèèjì jọra: wọn kò gbọ́ ti ẹnu ọmọ. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èyí tí kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan, tí ó gbọ́ ti bébà nìkan, kí ni a óò pè é?

Nítorí náà, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ nípa ìwà àti èrò ẹ̀dá ní yunifásítì, ẹ má ṣe sá fún ìmọ̀ yìí. Ẹ fún ọmọ ní bébà àti pẹ́ńsùlù, nítorí ọmọ tí ń yàwòrán a máa túra ká, a sì máa sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí òun fúnra rẹ̀ sọ ohun tí ó yà. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ nílé àti ní ilé kéú, kí ẹ sì wo ọmọ náà ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu yín kí ẹ̀rí tó dé, nítorí ẹyin lohùn. Bí ó bá ti bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó mọ́.

Bàbá ọmọ yẹn ṣì ń gbé láàrin wa. Àwọn kan kò tíì kí i bí wọ́n ti ń kí i tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá wà lára wọn, ẹ lọ kí i.

Kí Allah dáàbò bo àwọn ọmọ wa, kí Ó sì ṣọ́ ahọ́n wa. Àmín.