Lọ́yà, Fóònù àti Ọ̀ràn Ẹlòmíràn

Bí ẹ bá gba Terminus kọjá láàárọ̀ Sátidé, ẹ ó gbọ́ bí àwọn ọlọ́jà ṣe ń polówó. Ẹni tó ń ta pòtétò ní tòun ló dára jù ní gbogbo Jos. Ẹni tó ń ta tòmátò ní ká má lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. A kì í bínú sí wọn. A ó rẹ́rìn-ín, a ó tẹ pòtétò náà wò bóyá ó ti ń rà, a ó sì ná an. Kí ló wá dé tí a fi ń yọ lọ́yà lẹ́nu bí òun náà bá polówó?

Ọ̀rọ̀ opó kan tí mo mọ̀ ló jẹ́ kí n bi ara mi bẹ́ẹ̀. Lọ́yà bá a gba ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ padà ní kóòtù. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, lọ́yà náà ti gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kì í fìdí rẹmi. Ó dárúkọ àdúgbò, ó sọ bí ilẹ̀ ṣe tóbi tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Jos ní 2001 mọ̀ pé orúkọ àdúgbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré níbí. Ìyá náà ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní, "Mà, ṣé ẹ gbà kó gbé e síta ni?" Ó ní, "Ó bi mí. Ṣé ẹni tó gbà mí ni mo máa kọ̀ fún?"

Ẹ má rò pé mo fẹ́ kí lọ́yà panu mọ́ o. Bí ìpolówó bá jẹ́ èèwọ̀ pátápátá, ẹni tó mọ èèyàn nìkan ni yóò máa rí lọ́yà gidi. Ní 1977, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà gbà pé àwọn lọ́yà méjì ní Arizona lè kéde iye tí wọ́n ń gbà nínú ìwé ìròyìn. Ìlànà ìwà àwọn lọ́yà ní Nàìjíríà, èyí tó jáde ní 2007, gba ìpolówó láyè nígbà náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ 39 ìlànà 2007 yẹn ní kí lọ́yà má fi ara rẹ̀ wé ẹlòmíràn, kó má sì kéde bí òun ṣe ń borí tó. Ẹsẹ̀ 19 rẹ̀ ní kó pa àṣírí oníbàárà mọ́.

Ìyàtọ̀ méjì ni mo rí. Àkọ́kọ́, a lè tẹ pòtétò wò; a ò lè tẹ ìmọ̀ lọ́yà wò. Ìkejì ló wúwo jù: pòtétò tí ọlọ́jà ń polówó, tirẹ̀ ni. Ẹjọ́ tí lọ́yà fi ń polówó, ti opó ni.

Ẹ má sì di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ. Ní 2023, kóòtù kan ní New York bu ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn lọ́yà tó kó ẹjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ rí wá síwájú adájọ́. ChatGPT ló hùmọ̀ wọn, ṣùgbọ́n èèyàn ló fọwọ́ sí ìwé láìyẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù kò dá gbé fọ́tò opó síta. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Àmọ́ ká tó sọ òkò lu lọ́yà, ẹ jẹ́ ká wo ilé. Nígbà tí a pín ìrẹsì fún àwọn opó, ta ló bi wọ́n ká tó ya fọ́tò? Bí a bá tiẹ̀ bi wọ́n, ṣé wọ́n lè kọ̀ nígbà tí àpò ìrẹsì ṣì wà lọ́wọ́ wa? Olúwa wa ti kìlọ̀ fún ẹni tó ń fun fèrè bó bá ń ṣàánú.

Mo bá ìyá náà bẹ lọ́yà, ó yọ fọ́tò náà kúrò. Ó ní òun ò rò ó bẹ́ẹ̀ rárá ni, mo sì gbà á gbọ́. Nígbà tí mo délé, mo ṣí fóònù tèmi, èmi náà yọ méjì kúrò.