Ta Ló Ni Ariwo Yìí?

Àṣàrò Òwúrọ̀. Ẹ ka Jóṣúà 22:10–34.

Ìdí sípíkà ni mo ti fẹ́ mú ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú yín rí. Ẹ so sípíkà kékeré mọ́ kọ̀ǹpútà kí ẹ lè gbọ́ ìwàásù tàbí orin, kàkà kí ó kọrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hùùùn bí ilé agbọ́n. Kí lèèyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe? Yóò gbá a ní ẹ̀ṣẹ́ lórí. Bí ó bá tún kùn, a ó ní ó ti bàjẹ́, a ó gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a ó lọ ra òmíràn. Ìgbà tí tuntun bá dé, tí òun náà tún ń kùn, ìgbà yẹn la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jókòó ro ó.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyí: ṣé ẹni tí a gbọ́ ariwo lẹ́nu rẹ̀ náà ló ni ariwo?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí nǹkan yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú sípíkà kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá. Kì í ṣàyẹ̀wò ohun tí wọ́n bá gbé fún un. Orin ni o, ariwo ni o, ohunkóhun tó bá ti gba wáyà wọlé, ó ti di ńlá nìyẹn. Iná ìjọba tiwa ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lílọ bíbọ̀ yẹn gan-an lẹ máa ń gbọ́ nígbà tí sípíkà bá ń kùn láìdákẹ́. Bí ó bá jẹ́ tìtìtì-tìtìtì ló ń ṣe, tí fóònù sì dún lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ óò bá fóònù tí ẹ gbé kalẹ̀ síbẹ̀. Láti 2001 tí GSM ti dé Nàìjíríà la ti ń gbọ́ ariwo yẹn. Fóònù tó wà lórí 2G kì í rán ọ̀rọ̀ jáde geere, ńṣe ló ń gé e wẹ́wẹ́, bíi 217 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, wáyà sípíkà á sì gbà á bí ìgbà tí éríà ń gba rédíò. Ẹ sún fóònù kúrò díẹ̀, ó parí. Sípíkà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í fi kọ́kọ́ tú sípíkà. Á yọ wáyà rẹ̀ lára kọ̀ǹpútà, á fi í bọ fóònù tí kò sí lórí ṣájà. Bí orin bá jáde kedere, a ti dá sípíkà láre. Á wá yọ ṣájà lára kọ̀ǹpútà kí ó máa lo bátìrì rẹ̀: bí ariwo bá lọ, ọ̀rọ̀ ku àárín ṣájà àti iná ilé. Á yí bọ́tìnnì ohùn sókè sódò. Bí ariwo bá ń bá a lọ sókè sódò, ó ti wọlé kí ó tó dé ìdí bọ́tìnnì. Bí ariwo bá wà bó ṣe wà, ẹ̀yìn bọ́tìnnì ló ti ráyè wọlé. Á pa fáànù, torí régúlétọ̀ fáànù mìíràn, ọ̀gá ariwo ni. Ẹ sì kíyè sí i o, ohun kan ṣoṣo ni yóò máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá yọ ṣájà, tó pa fáànù, tó tún sún fóònù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo lè lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní mọ èwo ló fà á. Gbogbo wọn ni yóò máa fura sí títí.

Ẹ wá jẹ́ ká wọ inú ilé.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ń jà nílé-ìwé. Kì í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá mọ́. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní. Tíṣà kọ̀wé ránṣẹ́, bàbá fa bẹ́líìtì yọ, ìyá mú un lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan tó ní òun ń ríran, onítọ̀hún ní ọmọ yìí kì í ṣe ọmọ lásán. Ẹ̀yin ará, ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń já sí ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n ti fi ebi pa ọmọ lórí rẹ̀. Wọ́n ti lé ọmọ síta lórí rẹ̀, tó di ẹni tó ń sùn lábẹ́ afárá. Kò sì sẹ́ni tó béèrè pé, láti oṣù mẹ́ta tí bàbá àti ìyá ti ń fi òru bú ara wọn nítorí owó ilé, níbo ni ọmọ yẹn ń sùn? Inú yàrá kan náà kọ́ ni? Ohun tí ẹ ń dà sí i létí lóru ló ń gbé jáde lọ́sàn-án. Òun ló kéré jù nínú ilé, òun ni wáyà tó ń gba gbogbo rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀. Bí oníṣẹ́ bá fẹ́ mọ̀ bóyá sípíkà apá òsì ló bàjẹ́, yóò fi tọ̀tún sí ipò rẹ̀. Bí ariwo bá dúró sí apá òsì síbẹ̀, ó ti yé e pé ibi tí wọ́n gbé e sí ló lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ilé kan wà tí ọmọ ọ̀dọ̀ mẹ́rin ti kúrò láàárín ọdún méjì, ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n fi lé gbogbo wọn: ojú kòkòrò, wọ́n ń jí ẹran jẹ. Ṣé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jẹ́ olè, àbí ká bi ìyá ilé pé èèlò ni oúnjẹ wọn?

Àlùfáà Élì pàápàá kù díẹ̀ káàtó níbi ọ̀rọ̀ yìí. Ó rí Hánà tí ètè rẹ̀ ń mì tí ohùn kò jáde, ó ní ọtí ló ń pa á. Ẹni tó yẹ kó mọ àdúrà lójú ni o! Kò mọ̀ pé ọdún púpọ̀ tí Pẹ̀nínà ti ń fi obìnrin náà ṣẹ̀sín nílé ló ń gba ẹnu rẹ̀ jáde. Ohun tí mo fi ń yin bàbá náà ni pé, nígbà tí Hánà ṣàlàyé, ó gbà. Àwa mìíràn, bí a bá ti sọ ọ́ lórí àga ìwàásù, ó parí, kò sí àtúnyẹ̀wò.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé, "Ajíhìnrere, ṣé kò sẹ́ni tó jẹ̀bi mọ́ nìyẹn?" Ó wà dáadáa. Sípíkà tí awọ inú rẹ̀ ti ya, ẹ gbé e dé sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá, yóò máa han gooro síbẹ̀. Ibì kan sì wà tí èèyàn àti sípíkà ti yà lọ́tọ̀. Ọkùnrin tó ń na ìyàwó rẹ̀ á ní gbèsè ló fà á, ọ̀gá ló fà á, epo tó wọ́n ló fà á. Ẹ bi í: bí ọ̀gá yẹn gan-an bá bú u ní ọ́fíìsì, kí ló máa ń ṣe? "Yes sir" ni. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń dín ohùn kù nígbà náà. Sípíkà kò lọ́wọ́ tó lè fi yí bọ́tìnnì ara rẹ̀, ọkùnrin yẹn lọ́wọ́. Ẹ má bá a wá ẹlòmíràn tí yóò gbé ẹ̀bi rẹ̀ fún.

Èyí tó ká mi lára jù ló kù. Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ kankan kò bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, míkísà wà nínú òmíràn lápá kejì yàrá. Olúkúlùkù ní wáyà ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, èyí tó yẹ kó wọ ilẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tiwọn kò dọ́gba, iná díẹ̀ á wá máa gba wáyà orin kọjá láàárín wọn, á sì máa kùn. Ẹ fi àwọn méjèèjì sórí ẹsitẹ́ńṣọ̀n kan náà, kí wọ́n jọ lo ilẹ̀ kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó tán. Ṣùgbọ́n àwọn kan ní ọ̀nà àbùjá: wọn á gé wáyà ẹ́ẹ̀tì, tàbí kí wọ́n ṣẹ́ ẹsẹ̀ kẹta pọ́lọ́ọ̀gì. Ariwo á dákẹ́ wẹ́lo! Gbogbo ìjọ á pàtẹ́wọ́. Wáyà yẹn ni ì bá gbé iná wọ ilẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan bá já nínú ẹ̀rọ. Ní báyìí tí wọ́n ti gé e, ara irin ni iná yóò dúró sí, lọ́wọ́ akọrin tó di máíìkì mú. Bí ẹ bá bá irú pọ́lọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, ẹ pe oníṣẹ́ iná kó tún un ṣe kó tó di Sunday.

Ọmọbìnrin kan sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kò fẹ́ kí búọ̀dá kan máa wá kọ́ òun níwèé mọ́. Wọ́n ní kó panu mọ́, pé ó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹbí. Ó panu mọ́. Àlejò tó bá wọlé níbẹ̀ lónìí á ní, "Ilé yìí mà tòrò o." Ìyá, bí ìwọ bá ni mò ń bá wí, gbé ọmọ yẹn jókòó láàárọ̀ yìí, kó o tó lọ sọ́jà, kó o bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ padà sí ibi tí a kà. Àwọn ẹ̀yà Ísírẹ́lì gbọ́ pé Rúbẹ́nì, Gádì àti ìdajì ẹ̀yà Mánásè ti mọ pẹpẹ ńlá kan sí etí Jọ́dánì. Wọ́n péjọ sí Ṣílò, ogun yá. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ rán Fíníhásì àti ìjòyè mẹ́wàá lọ béèrè. Wọ́n bá wọn wí gan-an o, wọn kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n dákẹ́, wọ́n jẹ́ kí àwọn yẹn sọ tẹnu wọn. Àṣé ẹ̀rí ni wọ́n mọ ọ́n fún, kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa di ẹni tí wọ́n ń pè ní àjèjì. Fíníhásì padà sílé, kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ ogun mọ́, kò sì sẹ́ni tó wó pẹpẹ náà.