Ìpààrọ̀ Orí Inú Híítà Omi

Ẹbọ kan wà tí àwọn kan ń pè ní àyẹ̀pínùn, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìpààrọ̀ orí. Ẹran ni ó ń kú níbẹ̀ kí ènìyàn má baà kú. Òǹkàwé mọ èyí. Ohun tí ó lè ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé irú ìpààrọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú híítà tí a gbé kọ́ ara ògiri balùwẹ̀, èyí tí ń bá wa mú omi gbóná ní àárọ̀ ọyẹ́.

Irin ni àgbá híítà. Wọ́n fi ohun dídán bíi ti abọ́ tánńganran bo inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbòrí náà kì í ṣàìní ibi tí ó ti sán, níbi tí omi ti lè kan irin. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi ọ̀pá magnesium kan há inú àgbá. Magnesium yára láti jẹrà ju irin lọ. Bí àwọn méjèèjì bá so kọ́ra nínú omi kan náà, magnesium ni omi yóò kọ́kọ́ jẹ. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Láti 1824 ni Humphry Davy, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi zinc àti irin dáàbò bo bàbà tí wọ́n fi ń bo ìdí ọkọ̀ ojú omi.

Bí ọ̀pá yìí bá ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ó ń tín-ín-rín. Ó lè tó ọdún 3 sí 5, bí omi ilé bá ṣe rí, kí ó ku wáyà lásán. Láti ìgbà náà ni omi yóò ti dojú kọ àgbá gan-an. Ẹni tí ó rúbọ rí ẹran tí ó kú. Ta ni ó rí ọ̀pá yìí? Àwọn àgbà ní kí á ti òkèèrè wo igi gogoro kí ó má baà gún wa lójú, ṣùgbọ́n ti inú àgbá kò ṣe é wò láti òkèèrè.

Kí ni a jẹ ohun tí ń jẹrà nítorí tiwa? Ẹnìkan lè sọ pé irin lásán ni, a kì í jẹ irin ní gbèsè. Mo gbà. Àwọn tí ń wẹ̀ nínú ilé náà ni a jẹ ní gbèsè, àti ẹni tí yóò gba ilé lẹ́yìn wa. Síbẹ̀ mo ń wo ọ̀nà tí a ń gbà lo ọdẹ àdúgbò. Oṣù tí olè kò bá wá gan-an ni a máa ń bi í pé kí ni ó ń ṣe tí ó fi ń gbowó. Iṣẹ́ tí èrè rẹ̀ jẹ́ pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ kì í ní ẹlẹ́rìí.

Èyí tí ó tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀, a máa ń pa á lẹ́nu mọ́. Omi a máa fẹ̀ bí ó bá gbóná: omi lítà 50 tí ó kúrò ní ìwọ̀n 20 dé 60 yóò fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà kan lé sí i. Bí kò bá rí ààyè padà sínú páìpù, fáàfù kékeré ìdí híítà ni yóò gbà kán jáde. Onílé a bínú sí ẹ̀kán náà, púlọ́ńbà a dí i pa, wọn a sì jọ dúpẹ́. Ọjọ́ tí ohun tí ń dá iná dúró bá kọṣẹ́, àgbá náà lè bú gbàmù.

Àyẹ̀wò náà kò gba ọjọ́ kan. A ó pa iná láti orísun, a ó ti omi, a ó dúró kí ó tutù, a ó fa omi àgbá jáde, kí á tó tú ọ̀pá náà. Ẹni tí kò mọwọ́ iná, kí ó pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí ó sì ní kí wọ́n yọ ọ̀pá náà fún òun wò kí ó tó sanwó. Bí ó bá ti ku wáyà, kí ó pe àwọn ọmọ ilé wá wò ó.