Ìpè Ni àbí Sísá?

Ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi bá mi dá sí i. Bí onígbàgbọ́ kan bá dìde níbi tó ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn, tó ní Ọlọ́run ló ní kí òun máa lọ, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé ìpè ni, pé kì í ṣe pé ó ń sá?

Ẹ má bínú sí mi o. Kò sí ìpàdé àdúrà kan lórí kámpọ́ọ̀sì tí wọn ò ti ní sọ pé kí á jáde kúrò níbi ìrọ̀rùn. Àwa náà á sì ṣe "Àmín" tó ń mi òrùlé. Ṣùgbọ́n ta ló ń bi wá pé ibo la ti ń jáde, ibo là ń lọ, àti pé nítorí ta ni?

Àwa tí a wà ní Ẹdẹ kò ní láti wá àpẹẹrẹ lọ sọ́nà jíjìn. Ìlú yìí ni Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá kú sí ní ọjọ́ 26 oṣù Keje, 1959, kí wọ́n tó gbé e lọ sin sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Ọmọ Odò-Ọwá ni, ní Ìpínlẹ̀ Kwara òde òní. Wọ́n bí i ní 1904. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, nígbà tó yá, ó di ẹni tó ń wa katakata tí wọ́n fi ń tẹ ojú ọ̀nà fún ìjọba òyìnbó. Ẹ rò ó wò ná: ọmọkùnrin ẹni ọdún 24, iṣẹ́ ìjọba, owó oṣù. Láyé ìgbà yẹn, ta ló tún ń wá kiní kan? Ní oṣù Kẹwàá 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ẹ̀rọ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní òun gbọ́ ohùn tó pe òun. Ó bá fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìkejì-Arákejì, níbi tí ìjọ CAC gbà pé ìpè náà ti dé, ni Yunifásítì Joseph Ayo Babalola wà lónìí, láti 2006.

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń dá ìtàn náà dúró nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú díẹ̀. Kò fi katakata sójú ọ̀nà kó wá poora. Wọ́n ní ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó sọ fún un pé òun ń lọ. Ó padà sí Odò-Ọwá, láàárín àwọn tó mọ bàbá rẹ̀, tó mọ ìyá rẹ̀. Àwọn kan ní orí rẹ̀ ti dàrú. Inú ìjọ Áńgílíkà ló dàgbà sí, síbẹ̀ ní 1929 ó gbà kí àwọn Faith Tabernacle rì í bọmi ní Èkó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ní 1930, èrò ya lọ bá a ní Iléṣà. Ní 1932, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni wọ́n jù ú sí ní Bìní. Ṣé ẹni tó ń sá fún wàhálà nìyẹn?

Ẹ wá fi Jónà wé e. Jónà náà kúrò nílé. Ó rìn jìnnà, ó tiẹ̀ sanwó ọkọ̀! Bó bá jẹ́ pé ìrìn nìkan ni ìgbàgbọ́, Jónà á wà lára àwọn àgbà onígbàgbọ́.

Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá sọ fún mi ní sáà tó kọjá pé Ọlọ́run ní kí òun fi ìwé sílẹ̀ lọ wàásù. Kọ́ọ̀sì mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀ tí kò tíì yege. Àwọn kan kígbe "Halelúyà!" Èmi bi í pé, "Ṣé o ti sọ fún màmá ẹ?" Gààrí ni màmá náà ń tà tó fi ń sanwó ilé-ìwé. Ọ̀rẹ́ mi dákẹ́. Mi ò mọ ohun tí Ọlọ́run bá a sọ, mi ò sì lè jẹ́ adájọ́ rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìpè tí a kò lè sọ lójú ẹni tó ń sanwó wa, ó yẹ ká tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́jọ́ Friday, ó wọkọ̀ lọ sílé lọ sọ fún un.

Ẹnì kan lè ní, "Ábúráhámù ńkọ́? Ẹni ọdún 75 ni, kò mọ ibi tó ń lọ, ó sáà lọ." Òótọ́ ni. Bí a bá ń yẹ gbogbo nǹkan wò títí, a ò ní kúrò lójú kan. Ṣùgbọ́n Ábúráhámù kó ìyàwó rẹ̀ àti ará ilé rẹ̀ dání. Kò fi ìgbàgbọ́ ṣe bojúbojú fún gbèsè.

Ìpè mìíràn sì wà tó jẹ́ pé dídúró ni. Ọba John Adétóyèṣe Láoyè, Tìmì Ẹdẹ láti 1946 sí 1975, Onítẹ̀bọmi ni, Mùsùlùmí ló sì pọ̀ jù nílùú. Ì bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn kó jẹ́ ọba àwọn ará ìjọ rẹ̀ nìkan. Ó jọba lé gbogbo wọn lórí, ó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún. Ìgbàgbọ́ kò gba ìlù lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi tí mò ń kọ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ló là mí lójú: ìrònúpìwàdà. Ẹ tú u wò. Rò, inú, pa, ìwà, dà. Ìwà ló ní ká pa dà. Kò dárúkọ ilé, kò dárúkọ ìlú. Èèyàn lè ti Ẹdẹ dé Amẹ́ríkà kó sì gbé ìwà àná dání nínú báàgì.

Láìpẹ́, ọ̀pọ̀ wa á di àgùnbánirọ̀. Àdúrà "Olúwa, Èkó tàbí Ìbàdàn ni kí wọ́n gbé mi lọ" ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ kó sẹ́nu ewu. Àmọ́ kí o tó gbàdúrà yẹn, tàbí kí o tó pariwo pé o ti jáde kúrò níbi ìrọ̀rùn, jọ̀ọ́, bi ara rẹ: ta ni ìlọ mi máa ṣe láǹfààní? Ta ni mo jẹ ní àlàyé? Ìwà wo ni mo fẹ́ fi sílẹ̀? Bí o bá rí ìdáhùn, dìde. Kí Olúwa bá ọ lọ.