Fàyàwọ́ àti Ìlòkulò Oògùn Olóró ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: Ojú Tí Ìsìláàmù Fi Wò Ó

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi làákàyè gbé ọmọ ènìyàn ga ju ẹranko lọ. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ìfáárà

Ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń sọ pé ojú ọ̀nà lásán ni Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jẹ́ fún oògùn olóró: kokéènì ń ti Gúúsù Amẹ́ríkà bọ̀, ó sì ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Yúróòpù. Ní ọdún 2019, àwọn agbófinró Guinea-Bissau gba kokéènì tí ó lé ní 1,800 kìlógíráàmù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ọdún 2022, àjọ NDLEA ká irú ẹrù bẹ́ẹ̀ mọ́ ilé kan ní Ìkòròdú, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2014 ni ìgbìmọ̀ tí Kofi Annan gbé kalẹ̀, tí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ jẹ́ alága rẹ̀, ti kéde pé agbègbè náà ti kúrò ní ojú ọ̀nà lásán, àwọn ọmọ ibẹ̀ gan-an ti ń lo oògùn náà. Ẹni tí ó ń ru epo, epo kò ní ṣàì ta sí i láṣọ.

Bí Ọ̀rọ̀ Ṣe Rí

Ìwádìí kan tí àjọ UNODC àti iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láti ọmọ ọdún 15 sí 64, ni ó lo oògùn olóró ní ọdún 2017. Obìnrin ni ẹnì kan nínú mẹ́rin wọn. Igbó ni ó ṣáájú; oògùn apàrora bíi tramadol àti oògùn ikọ́ oníkodéènì ni ó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn igbe tí àwọn ènìyàn ké lórí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní Kánò àti ní àwọn ìlú mìíràn, ìjọba fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ náà àti kíkó o wọlé ní ọdún 2018. Ní ọdún 2024, Ààrẹ Julius Maada Bio kéde ipò pàjáwìrì ní Sierra Leone nítorí oògùn tí wọ́n ń pè ní kush. Kánò jẹ́ ìlú àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn, Mùsùlùmí ni ó sì pọ̀ jù ní Sierra Leone. Nítorí náà, àárín jámọ́à ni iná yìí ti ń jó.

Ìdájọ́ Sharíà

Àwọn kan a máa ṣe àwáwí pé ọtí ni Àlùkùránì Alápọ̀nlé kà léèwọ̀ nínú Súrátùl-Má'ídà, áyà 90, pé kò dárúkọ tramadol. Khalífà Umar ọmọ Khattab ti fèsì èyí lórí mínbárì nígbà tí ó ṣàlàyé pé ohunkóhun tí ó bá bo làákàyè mọ́lẹ̀ ni khamr. Bákan náà, nínú hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá láti ọ̀dọ̀ Ummu Salama, Ànábì kọ ohun tí ń pani àti ohun tí ń sọ ara di ọ̀lẹ. Oògùn tí dókítà bá fún aláìsàn ní ìwọ̀n kò sí lára èyí, ìwòsàn nìyẹn.

Ní ti òwò rẹ̀, ẹni mẹ́wàá ni hádíìsì ka ègún lé lórí nítorí ọtí. Lára wọn ni ẹni tí ó rù ú, ẹni tí ó tà á àti ẹni tí ó jẹ owó rẹ̀. Awakọ̀ tí ó fi páálí oògùn pamọ́ sábẹ́ àpò ìrẹsì kò lè sọ pé òun kò fẹnu kàn án. Oníkẹ́mísìtì tí ó ń tà á fún ọmọ iléèwé kò ní àwáwí. Ọlọ́lá tí ó sì fi owó rẹ̀ kọ́ mọ́sálásí kò tíì san gbèsè, nítorí pé Ọlọ́hun mọ́, ohun tí ó mọ́ nìkan ni Ó sì ń gbà.

Ẹni Tí Ó Ti Kó Sí I Lọ́wọ́

Síbẹ̀, Bukhari gba ìtàn ọkùnrin kan wá tí wọ́n máa ń nà nítorí ọtí. Nígbà tí ẹnì kan ṣẹ́ èpè fún un, Ànábì kọ̀ fún un, ó ní ọkùnrin náà fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Wọ́n bá a wí, ṣùgbọ́n wọn kò lé e kúrò láàárín wọn. Ó ṣeni láàánú pé òdìkejì èyí ni ó wọ́pọ̀ lónìí: wọ́n ń ta ọmọ tí oògùn ti sọ di aláìsàn nù, wọ́n sì ń fi ìjókòó iwájú dá olówó tí ó tà á fún un lọ́lá.

Ìkádìí

Ojúṣe àwọn ìmáàmù ni láti wádìí orísun owó kí wọ́n tó gbà á, kí wọ́n sì fi wàásù la àwọn oníṣòwò lóye. Ojúṣe òbí ni láti tètè mú ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó má fi ìtìjú bo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi di egbò àdáàjinná. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ làákàyè àwọn ọ̀dọ́, kí Ó sì gba ìrònúpìwàdà ẹni tí ó bá padà. Àmín.