Ṣé Irọ́ ni Àlọ́?



Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Jobele, a ń jíròrò lórí ohun tí a óò fi dá àwọn ọmọdé lára yá nígbà ìsinmi iléèwé. Arábìnrin kan dábàá pé kí a fi àlọ́ ọmọbìnrin tó kọ gbogbo ọkọ ṣe eré orí ìtàgé, pẹ̀lú orin, kí bàbá, ìyá àti ọmọ lè jọ wò ó. Kò tíì jókòó tán tí arákùnrin kan fi dìde. Ó ní: “Agbárí kì í rìn, kì í sì í yá ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Irọ́ ni. Ṣé irọ́ ni a fẹ́ fi tọ́ ọmọ mùsùlùmí?” Gbogbo ilé dákẹ́. Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ọmọdé, mo sì ti ń rò ó láti ọjọ́ yẹn.

Púpọ̀ nínú wa ló mọ àlọ́ náà. Ọmọbìnrin arẹwà kan kọ gbogbo ọkùnrin tí òbí rẹ̀ fọwọ́ sí. Lọ́jọ́ ọjà, ó rí ọkùnrin kan tó pé láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì tẹ̀lé e. Bí wọ́n ti ń wọ igbó ni ọkùnrin náà ń dá ẹ̀yà ara padà fún àwọn tó yá a, títí ó fi ku agbárí nìkan. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, fi í sínú ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìwé náà di eré olórin lédè Yorùbá, Lánkẹ́ Ọ̀mùtí, ní Yunifásítì Ìbàdàn. Nítorí náà, ohun tí arábìnrin wa dábàá kì í ṣe tuntun.

Kí wá ni irọ́? Irọ́ ni kí n sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọ, kí n sì fẹ́ kí o gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Hádíìsì kan wà nínú àkójọ Abu Dawud nípa ìyá kan tó pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá gba nǹkan. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bi í pé kí ló fẹ́ fún un. Ó ní dàbínù ni. Ànábì jẹ́ kó mọ̀ pé bí kò bá fún un ní nǹkan kan ni, wọn ì bá kọ irọ́ kan sílẹ̀ fún un. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti kéré tó! Ṣùgbọ́n ọmọ náà yóò gbà á gbọ́, yóò sá wá, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì ṣófo.

Àlọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Apàlọ́ á kọ́kọ́ ké “Ààlọ́ o!”, àwọn ọmọ á dáhùn “Ààlọ̀!” Àdéhùn ni igbe yẹn. Ọmọ kékeré pàápàá mọ̀ pé ìjàpá kì í ná ọjà. Ìtàgé náà ní ìkéde tirẹ̀: òṣèré tó gbé agbárí sórí, gbogbo wa la mọ orúkọ bàbá rẹ̀.

Àwọn àlúfáà wa tó kéú jinlẹ̀ n'Ílọrin àti n'Ìbàdàn ka Maqamat ti al-Hariri ará Basra, tó kú ní 1122. Ìtàn àròsọ ni. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó dá àwọn tó lè bá a wí lóhùn: kò sí ẹni tó kọ ìtàn tí ẹranko ti ń sọ̀rọ̀ nítorí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀, èrò ọkàn sì ni a fi ń díwọ̀n iṣẹ́.

Síbẹ̀, arákùnrin wa kò sọ̀rọ̀ lásán. Ànábì kìlọ̀ gidigidi fún ẹni tó ń purọ́ kí àwọn ènìyàn lè rẹ́rìn-ín. Àwọn onítàn sọ pé Nadr ọmọ al-Harith ń fi ìtàn àwọn ọba Páṣíà fa ènìyàn kúrò nídìí Kùránì. Ẹ má sì ṣe fi ìtàn Ànábì Yúsúfù gbe àlọ́ lẹ́sẹ̀: òtítọ́ pọ́ńbélé ni tirẹ̀. Lánkẹ́ pàápàá, ọ̀mùtí ni. Bí ọmọ bá wo eré tán tí òǹgbẹ ẹmu ń gbẹ ẹ́, eré náà ti purọ́, nítorí ó fi adùn ẹ̀ṣẹ̀ hàn, ó sì fi èrè rẹ̀ pamọ́. Ibẹ̀ ni kí á ti máa ṣọ́ra, kì í ṣe nídìí agbárí tó ń rìn.

Nítorí ta ni òpùrọ́ inú àlọ́ yìí? Ọkùnrin ọjà náà ni. Òun ló fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tan ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Àlọ́ ló tú u láṣìírí. Ohun tí à ń pè ní irọ́ ló ń kọ́ ọmọ láti dá irọ́ mọ̀.

Lẹ́yìn ìpàdé, arábìnrin wa sọ ohun tí kò lè sọ níwájú èrò. Ọkùnrin kan ti wá fẹ́ ẹ rí. Mọ́tò tó gbé wá, ti ọ̀gá rẹ̀ ni. Agbádá ọrùn rẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Nígbà tó bi í nípa ìrun kíkí àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò rí èsì gidi kan. Àlọ́ ìyá ìyá rẹ̀ sì sọ sí i lọ́kàn. Ó ní, “Mo ń retí ibi tí yóò ti dá ẹsẹ̀ padà.” Kò tẹ̀lé e wọ igbó.

Ẹ̀sìn àti ìwà ni Ànábì ní kí á wò lára ẹni tó wá fẹ́ ọmọ wa, nítorí àwọn méjèèjì kì í ṣe ohun àyálò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí olúkúlùkù yẹ ara rẹ̀ wò: bí àwọn tó yá wa ní nǹkan bá gbà á padà lónìí, kí ni yóò kù?

Kí Ọlọ́hun fi òtítọ́ ṣe wá lọ́ṣọ̀ọ́. Àmín.